Ilé Bodè Tí Ìrì Wó

"Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o." Kò sí ẹni tí kò gbọ́ òwe yìí rí. Bí ọmọ bá purọ́ níwájú ìyá rẹ̀, ìyá á pa á fún un, á sì fi ìkó bá a lórí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pa á yìí, ṣé ẹ mọ ibi tó ti wá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé àwọn àgbà kàn jókòó, wọ́n ń jẹ obì, òwe sì bọ́ sí wọn lẹ́nu. Itọ́ mélòó ló wà lẹ́nu èèyàn tí yóò fi mọlé? Ẹni tó fi itọ́ mọlé wà, ó lórúkọ, ó láya, ìrì sì wó ilé rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú gbogbo ayé. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni màá ṣe sọ ọ́. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ fi itọ́ mọ tirẹ̀ wò.

Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Òkè-Ìgbìn. Odi yí i ká, ẹnu bodè kan ṣoṣo ló sì ní. Oníbodè ló ń gbé igi ìdábùú sẹ́yìn ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́, òun náà ló ń gbé e kúrò láàárọ̀. Ọba ni ọba, ìjòyè ni ìjòyè, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, oorun gbogbo wọn dọwọ́ oníbodè. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi ipò náà ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ.

Bí oníbodè bá dàgbà tí kò lè gbé igi náà mọ́, wọ́n á wó ilé bodè tó ń gbé, ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀ á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ òmíràn. Èyí kò le. Omi ibẹ̀ ló le. Ìyàwó ọkùnrin náà á pọn omi kún ìkòkò ńlá wá síbẹ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀tún ọba nìkan ló láṣẹ láti dà á sí amọ̀. Ọkùnrin náà á bọ́ sínú yẹ̀pẹ̀ láìwọ bàtà, á máa tẹ̀ ẹ́, á sì máa sọ ohun tó ti fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe láyé: ìlú tó ti wá, ohun tó lé e kúrò níbẹ̀, ọ̀ràn tó dá, ohun tí ojú ń tì í láti sọ. Ọ̀rọ̀ kan, igbá omi kan. Ẹni tó bá sọ púpọ̀, amọ̀ rẹ̀ á rọ̀. Ẹni tó bá pa ẹnu mọ́, yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ ni yóò fi mọlé, nítorí omi mìíràn kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ilé náà sì gbọ́dọ̀ rí ìgbà ìrì kan kí wọ́n tó fi ẹni náà jẹ oníbodè tán pátápátá.

Ẹ lè bi mí pé ẹni tí kò dẹ́ṣẹ̀ rí ńkọ́? Ẹ mú un wá, ká jọ wo ojú rẹ̀.

Àlejò ni Ògúndáre ní ìlú yìí. Òun àti Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, ti gba ìlú mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó débẹ̀. Oyún méjì ló bà jẹ́ lára Àwẹ̀ró lójú ọ̀nà, ọ̀kan sì tún wà nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí Ògúndáre ń wá kò ju ibi tí ọmọ náà yóò wá sáyé sí, tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ pé kí wọ́n kó ẹrù wọn.

Ohun tó sọ ọ́ di ẹni ńlá ṣẹlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Àwọn èèyàn ń bọ̀ láti oko, ẹyẹ kan ń ké nínú igbó ẹ̀gbẹ́ odi, òmíràn ń dá a lóhùn láti òdìkejì. Kò sẹ́ni tó kọbi ara sí i. Ṣebí ẹyẹ ni. Ìgbà náà ni Ògúndáre ju igi tó rù sílẹ̀, tó fi igbe ta: "Ẹ ti ilẹ̀kùn! Èèyàn ló ń súfèé yẹn! Olè ni!" Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí àwọn ọdẹ yọ sínú igbó náà, wọ́n bá ibi tí àwọn ọlọ́ṣà ba sí, koríko ibẹ̀ ṣì gbóná. Kábíyèsí ní bí Baba Ọdẹ́kúnlé, oníbodè àtijọ́, bá fẹ́ sinmi, àlejò tó ní irú etí yìí ni kó gba igi lọ́wọ́ rẹ̀.

Inú Àwẹ̀ró dùn débi pé ó sunkún. Oníbodè kì í ṣe àlejò mọ́. Ọmọ onílùú ló dà yẹn, òun àti ọmọ ọmọ rẹ̀.

Wọ́n wá lọ wó ilé bodè Baba Ọdẹ́kúnlé. Ilé náà kọ̀, kò fẹ́ wó. Àwọn géńdé fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ, wọ́n fi àáké là á, òógùn bò wọ́n. Baba náà jókòó lórí àpótí, ó ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ ìpo amọ̀ pé, gbogbo ìlú jáde. Àwẹ̀ró gbé ìkòkò omi kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀tún. Ògúndáre bọ́ sínú yẹ̀pẹ̀.

Ó sọ orúkọ ìlú tí wọ́n ti bí i. Ọ̀tún da igbá omi kan. Ó sọ pé òun kò sí nílé nígbà tí bàbá òun kú. Ọ̀tún da igbá kejì. Ó ń tẹ yẹ̀pẹ̀ lọ.

Ọ̀tún ní: "Ohùn ẹyẹ ọjọ́sí, gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ọdẹ wà láàárín wa, àgbẹ̀ wà láàárín wa, a ní ẹyẹ ni. Báwo ni ìwọ ṣe mọ̀ pé èèyàn ni?"

Ògúndáre mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí òun gan-an ló ń súfèé bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀! Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó bá ẹgbẹ́ ọlọ́ṣà kan rìn. Òun ló máa ń dúró lẹ́bàá odi àwọn ìlú, tí yóò máa ké bí ẹyẹ láti fi hàn pé ọ̀nà ti là. Ó sá kúrò láàárín wọn ní ọjọ́ tí wọ́n kó ọmọdé kan pẹ̀lú ẹrù, tó gbọ́ bí ìyá ọmọ náà ṣe ń ké. Kò sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kan rí, kò sọ ọ́ fún Àwẹ̀ró pàápàá. Ó wo ikùn ìyàwó rẹ̀, ó wo ojú àwọn èèyàn.

"Ọdẹ ni bàbá mi, Baba," ló wí. "Òun ló kọ́ mi ní ohùn ẹyẹ."

Ọ̀tún gbé igbá dání, kò da omi. "Kò sí ohun tó ṣẹ́ kù?"

"Kò sí, Baba. Ọwọ́ mi mọ́."

Háà! Ẹni tó wà nínú ẹrẹ̀ ló ń sọ pé ọwọ́ òun mọ́. Baba Ọdẹ́kúnlé nìkan ló rọra wọ́ ẹsẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ náà, tó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: "Ògúndáre, omi ṣì wà nínú ìkòkò o."

"Ó ti tó, Baba. Ẹ ṣé."

Bí Àwẹ̀ró ṣe gbé ìkòkò rẹ̀ padà lọ sílé nìyẹn, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un bó ṣe kún nígbà tó ń gbé e bọ̀. Kò bi ọkọ rẹ̀ ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó ti máa ń gbọ́ tirẹ̀ lójú oorun, bó ṣe máa ń ké pé kí wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀.

Ògúndáre bẹ̀rẹ̀ sí í mọlé. Yẹ̀pẹ̀ náà kò dì mọ́ra. Bó bá mọ ọ́n, á fọ́. Ó máa ń tu itọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, á fi pa ara ògiri kó lè máa dán. Bí itọ́ bá gbẹ lẹ́nu rẹ̀, á jẹ orógbó díẹ̀ kí òmíràn lè sun. Baba Ọdẹ́kúnlé kọjá lọ́jọ́ kan, ó dúró wò ó títí.

"Ògúndáre, ṣé itọ́ lo fẹ́ fi mọ ọ́n tán ni?"

"Baba, ó ń dán, ẹ wò ó."

"Ó ń dán lóòótọ́," ni baba náà wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ilé náà dúró. Wọ́n fi koríko bò ó, Ògúndáre àti Àwẹ̀ró kó wọ inú rẹ̀. Òjò ti kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà, ìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà ń gbé igi ìdábùú láàárọ̀, ó ń gbé e ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọdé ń kí i ní "Baba Oníbodè". Ó wá ń rò ó lọ́kàn pé òun ti mú un jẹ.

Àṣé ẹni tó máa jẹ ẹ́ ń bọ̀ lọ́nà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí àwọn èèyàn ṣe ń wọlé láti oko, ọkùnrin kan tó ru ìdì igi fara pẹ́ Ògúndáre, ó súfèé jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹyẹ. Ògúndáre yíjú wò ó. Ìgè ni! Ìgè tí wọ́n jọ ń dúró lẹ́bàá odi láyé ọjọ́un.

"O ti sanra," ni Ìgè wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní ìwọ lo ní igi bodè báyìí. Ire ló ṣe wá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, má fi igi náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyẹn nìkan la fẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

"Bí mi ò bá ṣe é ńkọ́?"

"Màá lọ kí Ọ̀tún ọba yín. Màá bi í bóyá o sọ fún wọn pé o mọ̀ ọ́n súfèé." Ìgè wo ilé tuntun náà láti òkè délẹ̀. "Ilé yìí dán o. Ìyàwó rẹ á fẹ́ràn rẹ̀."

Ó ru igi rẹ̀, ó lọ.

Ẹ gbà mí o! Ṣé ẹ rí ohun tí irọ́ ń ṣe? Ẹni tí kò jalè mọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ wá di ẹrú olè. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò wọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Bí kò bá gbé igi náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, àwọn tó gbà á sílé ni wọ́n máa kó lẹ́rú. Bó bá gbé e síbẹ̀, Àwẹ̀ró yóò tún bọ́ sọ́nà pẹ̀lú oyún tó ti wọ oṣù rẹ̀. Àwẹ̀ró béèrè pé: "Kí ló ń jẹ yín níyà, olówó orí mi?" Ó ní kò sí nǹkan. Mi ò ní tàn yín jẹ: ìlú ì bá fẹ́ gbọ́ pé ó pinnu láti ṣe rere, ṣùgbọ́n kò pinnu nǹkan kan. Ọjọ́ ọjà mọ́ ọn lójú bẹ́ẹ̀.

Ìrì tó sẹ̀ mọ́jú ọjọ́ náà, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ewé ń kán omi, koríko orí ilé náà sì ti mu ìrì yó. Àwẹ̀ró dìde lórí ẹní, ó mú ìgbálẹ̀, ó bọ́ síta láti gbálẹ̀. Ògúndáre wà nídìí ilẹ̀kùn bodè, ó fẹ́ gbé igi kúrò. Kò sí ìjì. Ewé kan kò mì. Ohun tó kàn gbọ́ ni gbìì!

Ó yíjú padà. Kò rí ilé mọ́. Ògiri tó dojú kọ ìlà oòrùn ti dà wó lulẹ̀, òrùlé tẹ̀ lé e, èyí tó kù ń ya lọ. Ó sáré, ó ń pariwo orúkọ ìyàwó rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wa yẹ̀pẹ̀. Ẹní tí wọ́n jọ sùn lé ló hú jáde. Ògiri ti fọ́ lé e láti orí títí dé ẹsẹ̀.

"Èmi rèé," ni Àwẹ̀ró wí lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, ìlú ti pé. Ẹnu ya wọn kọjá ariwo. Àwọn kan tẹ̀ ba, wọ́n fọwọ́ kan yẹ̀pẹ̀ náà. Òde rẹ̀ tutù, inú rẹ̀ gbẹ fúrúfúrú bí èlùbọ́. Ọ̀tún ọba dé, òun náà mú ẹ̀rún ògiri kan, ó fún un, ó sì kúnná dànù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ògúndáre, ṣé òjò rọ̀ lánàá?"

"Rárá, Baba."

"Ìjì jà?"

"Kò jà, Baba."

"Kí ló wó ilé rẹ?"

"Ìrì ni, Baba."

Àwọn obìnrin ká ọwọ́ lérí. Ìrì! Ìrì tí ọmọdé ń fi ẹsẹ̀ gbá kiri! Ògúndáre wo ẹní tó wà lábẹ́ ògiri, ó kúnlẹ̀ sínú yẹ̀pẹ̀ náà. "Mo ti ṣe olè rí," ló wí. "Èmi ni mo máa ń súfèé fún wọn. Bàbá mi kì í ṣe ọdẹ."

"A mọ̀," ni Baba Ọdẹ́kúnlé wí.

Ògúndáre gbójú sókè. Ó rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa.

"A mọ̀. Kí a tó pè ọ́ sínú amọ̀ la ti rán èèyàn lọ sí ìlú rẹ. Wọ́n sọ ẹni tí o bá rìn, wọ́n sọ bí o ṣe sá fún wọn. Ta ló máa mọ ohùn olè bí kò ṣe ẹni tó ti bá olè súfèé? Nítorí rẹ̀ la ṣe fẹ́ ọ! Èmi tí o ń wò yìí, olè ni mí rí. Gbogbo ìlú yìí ló mọ̀ ọ́n, ìwọ àlejò nìkan ni kò mọ̀. Lọ́jọ́ ìpo amọ̀ tèmi, mo sọ ọ́ títí omi fi tán nínú ìkòkò ìyàwó mi, wọ́n tún lọ pọn òmíràn. Ṣebí ojú rẹ ni wọ́n ṣe fi àáké la ilé mi tó kọ̀ tí kò wó?"

Ọ̀tún ló gba ọ̀rọ̀ náà sọ: "Olè tí o jà kò bà wá lẹ́rù. Ohun tí o lè ṣe kí a má baà mọ̀ ọ́n ló ń bà wá lẹ́rù. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ Ọdẹ́kúnlé fi ń sùn sẹ́yìn odi láti ọjọ́ tí o ti gba igi."

Yéè! Gbogbo ìgbà tó rò pé òun nìkan ló ń ṣọ́ bodè, wọ́n ń ṣọ́ òun náà. Ọ̀rọ̀ Ọ̀tún yìí wọ̀ ọ́ lára ju ilé tó wó lọ, nítorí ohun tí wọ́n bẹ̀rù gan-an ló ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ìgbà tí Ìgè ti wá. Ó wá tú u jáde pátá: Ìgè, ọjọ́ ọjà, igi ìdábùú tí wọ́n ní kó fi sílẹ̀. Ẹ wá wo bí àwọn obìnrin ṣe ń wá àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n ń fà wọ́n mọ́ra. Àwọn àgbà tó ní àwọn mọ gbogbo rẹ̀, wọn kò mọ èyí. Ọ̀tún fúnra rẹ̀ ranjú.

"Ìrọ̀lẹ́ òní?" ló béèrè.

"Ìrọ̀lẹ́ òní, Baba."

Wọn kò fi igi sẹ́yìn ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ọdẹ lúgọ sí ọ̀tún àti òsì, Ògúndáre dúró sórí àwókù ilé rẹ̀, ó súfèé bí ẹyẹ. Ìgè àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń bọ̀ wá jẹun. Kò sí ẹni tó jáde nínú wọn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ògúndáre dọ̀bálẹ̀ níwájú Ọ̀tún. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun tún amọ̀ náà po. Ọ̀tún mi orí. Ó ní wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa lé e kúrò nílùú, wọ́n á fún un nílẹ̀ kọ́lé. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń po amọ̀ bodè. Ọmọ Baba Ọdẹ́kúnlé ló gba igi.

Àwẹ̀ró kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ tí ilé wó. Ògúndáre lọ sórí ilẹ̀ tí wọ́n fún un, ó wa yẹ̀pẹ̀, ó ń wá ẹni tó máa bá a pọnmi. Ìgbà tó gbójú sókè, ìyàwó rẹ̀ ló rí tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìkòkò lórí àti ikùn níwájú. Ó gbé e kalẹ̀. Ó mú igbá.

"Ẹ bọ́ sínú rẹ̀," ló wí. "Ẹ máa sọ ọ́. Èmi ni mo máa da omi."

Ògúndáre bọ́ sínú yẹ̀pẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ tí wọ́n kó lọ. Omijé ń bọ́ lójú Àwẹ̀ró, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró lórí igbá. Omi inú ìkòkò náà tán. Ó gbé e, ó tún padà sódò.

Ọ̀rọ̀ tí Baba Ọdẹ́kúnlé sọ láàárọ̀ ọjọ́ tí ilé bodè wó, bó ṣe ń gbọn yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ kúrò lọ́wọ́, òun ló dòwe lónìí: "Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o." Àwọn àgbà kì í pa á fún ẹni tó ṣẹ̀ tó sì jẹ́wọ́. Ẹni tó ń fi irọ́ rẹ́ ògiri ni wọ́n ń pa á fún, pàápàá ẹni tó ń wá ipò ìfọkàntán, tí wọ́n bi í ní ohun tó ti ṣe sẹ́yìn, tó wá ń sọ pé ọwọ́ òun mọ́. Bí wọ́n bá pa á fún ìwọ náà, má bínú, má sì bẹ̀rẹ̀ àwíjàre. Lọ sọ ọ́ nígbà tí omi ṣì wà nínú ìkòkò.